Ìbà Tó Fara Pamọ́ Sínú Kátúùnù Ọmọ Yín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìfẹ́. Lóṣù tó kọjá ni mo mẹ́nu bà á níhìn-ín pé kátúùnù òyìnbó tí àwọn ọmọ wa ń wò kún fún àwòrán tí wọ́n yá lọ́wọ́ ánímè, ìyẹn kátúùnù àwọn ará Jàpáánù, àti lọ́wọ́ géèmù. Lẹ́tà yín rọ́ dé. Márùn-ún ni mo mú nínú wọn lónìí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀, kó mọ̀ pé ilé géèmù ni mo ní ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, láti 1994 di 2006. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀, láàárín àwọn ọmọ tó ń di páàdì géèmù mú títí àtẹ́lẹwọ́ wọn fi ń làágùn.

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, kì í jẹ́ ká gbádùn kátúùnù. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sáré lórí ọ̀kadà, tó wá fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ kó tó dúró, ńṣe lá fò dìde pé, "Akira nìyẹn!" Mi ò rí ẹni tó ń jẹ́ Akira níbẹ̀ rí. Kí ló ń rí tí ojú tèmi ò rí? – Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Òṣogbo

Màmá, ọmọ yín ò purọ́, ojú rẹ̀ ló mú. Akira kì í ṣe orúkọ ẹni tó gun ọ̀kadà yẹn. Orúkọ fíìmù ni, fíìmù Jàpáánù tí Katsuhiro Otomo darí, tó jáde ní 1988. Ọmọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Kaneda. Ọ̀kadà rẹ̀ pupa fòò, ó gùn, ó sì lọ sílẹ̀. Lóru, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá àwọn ọmọ ìta mìíràn fà á lójú títì, iná ẹ̀yìn ọ̀kadà wọn ń fà bí òwú pupa nínú òkùnkùn. Lójijì ni Kaneda fa ọ̀kadà yẹn sí ẹ̀gbẹ́, ó sì fi yọ̀ títí ó fi dúró. Kò tó ìgbà téèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti parí. Àmọ́ ìwọ̀nba àkókò yẹn ni àwọn ayàwòrán kátúùnù káàkiri ayé kò tíì gbàgbé títí dòní.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé. Tí ọmọ yín bá tún pariwo, ẹ ní kó dá àwòrán náà dúró. Ẹ máa rí i pé ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀kadà náà fi kọ sí yín, kò gbé orí kò yín lójú. Táyà méjèèjì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò yí mọ́, títì ni wọ́n ń họ. Ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún ti nà jáde. Eruku tàbí èéfín ń tú nídìí táyà, ó sì máa ń sún lọ díẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ọ̀kadà ti dúró. Bí ẹ bá ti rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, Akira ni.

Bóyá ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí wọn ò kọ orúkọ Otomo síbẹ̀. Ẹ rántí oníjàálá. Oníjàálá gidi ò ní lanu láì júbà: á júbà bàbá tó kọ́ ọ, á júbà àwọn tó ti sùn. Ẹni tó mọ àwọn orúkọ yẹn láwùjọ á mi orí, ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á ṣáà máa gbádùn ohùn. Ìbà ni ọmọ yín ń gbọ́ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ayàwòrán tó dá kásẹ́ẹ̀tì Akira dúró lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nígbà èwe rẹ̀, tó ń wò bí wọ́n ṣe ya èéfín táyà, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí òun náà ya ọ̀kadà, ọwọ́ rẹ̀ á lọ síbẹ̀. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i. Mo mọ̀ pé ẹnì kan rántí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Ṣùgbọ́n màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ wo Akira gan-an, ẹ má tíì gbà. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ọmọ kan tó ń jẹ́ Tetsuo sì wú nínú rẹ̀ di ẹran ràgàjì tó ń gbé ohun gbogbo mì. Kátúùnù South Park fi ìran yẹn ṣe ẹ̀fẹ̀ ní 2000, nínú ìpín tí wọ́n pè ní "Trapper Keeper," níbi tí ọmọ kan tó ń jẹ́ Cartman àti fáìlì iléèwé rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra tí wọ́n sì ń wú. South Park náà kì í ṣe tọmọdé. Àgbà ni wọ́n ṣe é fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọdé ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́, sà. SS2 ni mo wà, mo sì ń ya ìwé àwòrán tèmi. Mo rí ajàkùùtù kan nínú kátúùnù Gravity Falls tó jọ ti géèmù ìjà Street Fighter délẹ̀délẹ̀, orúkọ nìkan ni wọ́n yí. Ṣé kì í ṣe olè nìyẹn? Bí èmi náà bá ya Ryu ti Street Fighter, ṣé wọn ò ní mú mi? – Ayàwòrán, Abẹ́òkúta

Àbúrò mi, o ṣe é tó o béèrè kó o tó ṣe é.

Rumble McSkirmish lò ń sọ. Ìpín "Fight Fighters" ni, 2012. Ẹ̀rù ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robbie ń ba Dipper, akọni kátúùnù náà, nítorí Robbie ti ní òun máa lù ú. Ó rí kóòdù kan lára ẹ̀rọ géèmù, ó tẹ̀ ẹ́, ni ajàkùùtù náà bá jáde sínú ayé. Padà lọ wò ó dáadáa. Gbogbo ara yòókù nínú kátúùnù yẹn ló ń dán, tí ilà wọn sì rọ̀. Rumble nìkan ló rí gíngan-gìngan-gíngan, bí ìgbà tí wọ́n fi bíríkì kéékèèké to èèyàn. Kì í dúró jẹ́ẹ́. Bí kò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, orúnkún rẹ̀ ń rọ̀ ó ń nà, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni tó bá ń dúró de ìjà nínú Street Fighter II. Ọwọ́ Paul Robertson, ọmọ Ọsirélíà tó mọ irú àwòrán oníbíríkì yẹn yà ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, ló wà lára rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, Mọ́kọ́lá ni mo rántí. Àwọn ọmọ tó ń dúró kí ó kàn wọ́n nílé géèmù mi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe máa ń mi orúnkún lẹ́yìn àga láìmọ̀, bíi pé àwọn náà wà lójú tẹlifíṣọ̀n.

Olè kọ́, nítorí wọ́n fi nǹkan tiwọn kún un. Dipper parọ́ fún Rumble pé Robbie ló pa bàbá rẹ̀, Rumble sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, torí pé nínú géèmù ìjà, ẹ̀san bàbá ni gbogbo ẹjọ́. Nígbà tí Dipper jẹ́wọ́ irọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló dojú kọ ajàkùùtù yẹn, ó sì gba ìlù. Rumble borí, géèmù sì parí, ni òun náà bá pòórá. Capcom ló ni Street Fighter II, 1991 ló jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sá fún ìjà, tó wá kọ́ pé irọ́ òun léwu ju ìjà lọ, ti Gravity Falls nìyẹn.

Kátúùnù The Simpsons náà ṣe irú ẹ̀ ní 1995, nínú "Marge Be Not Proud." Wọ́n ṣẹ̀dá géèmù kan, Bonestorm, tẹ́ ẹ bá rí i ẹ mọ̀ pé géèmù ìjà Mortal Kombat ni wọ́n ń bá wí. Bart, ọmọkùnrin inú kátúùnù náà, ò lówó ẹ̀, ó dúró sí ìsọ̀, àwọn akọni géèmù, Mario, Luigi, Donkey Kong àti Sonic, wá yọ sí i lójú ìran, wọ́n ń tì í pé kó jí i. Mo ti rí ojú ọmọdé níwájú àpótí géèmù tí owó rẹ̀ kò ká. Bí wọ́n ṣe yà á yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Ìmọ̀ràn mi: ya Ryu nínú ìwé rẹ títí ọwọ́ rẹ á fi mọ́ra, kò sẹ́ni tó máa mú ẹ. Òfin Amẹ́ríkà fàyè gba kéèyàn fi iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe ẹ̀fẹ̀, àmọ́ kò fàyè gba kéèyàn kàn dà á kọ kó sì máa tà á. Nítorí náà, ìwé tó o bá fẹ́ tà, fún ajàkùùtù rẹ ní orúkọ tirẹ̀, aṣọ tirẹ̀, àti ìdí tó fi ń jà. Ìdí yẹn ló ṣe pàtàkì jù.

Ẹ̀gbọ́n wa, Peckham ni mo ti ń kọ̀wé, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọbìnrin mi ń wo kátúùnù Gumball. Ìyá Gumball bá obìnrin kan jà, ni àwòrán bá yí padà di ti Jàpáánù pátápátá. Ṣé àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ló yà á bẹ́ẹ̀? – Ìyá Morẹ́nikẹ́

Ìyá Morẹ́nikẹ́, ìlú tẹ́ ẹ wà yẹn ni Ben Bocquelet, ẹni tó ṣẹ̀dá kátúùnù náà, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń ṣe The Amazing World of Gumball. Ṣùgbọ́n ìjà yẹn, àlejò ló yà á. "The Fury" ni wọ́n ń pe ìpín náà. Nicole, ìyá Gumball, pàdé Yuki, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ohun tó wà nílẹ̀ láti kékeré sì di ìjà. Studio 4°C, ilé iṣẹ́ ánímè ní Tokyo, ni wọ́n gbé e fún. Ìdí nìyẹn tí kò fi jọ àfarawé lójú ọmọ yín.

Irú èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tá à ń sọ lónìí. Wọn ò yá àwòrán, ẹni tó ni iṣẹ́ ni wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kátúùnù Adventure Time ṣe é ní 2014: wọ́n gbé odidi ìpín kan, "Food Chain," lé Masaaki Yuasa, adarí ánímè ọmọ Jàpáánù, lọ́wọ́. Finn àti Jake, akọni méjèèjì inú rẹ̀, di ẹyẹ, wọ́n di kòkòrò, wọ́n di ewéko, ara wọn sì ń fà bíi rọ́bà bó ṣe wu Yuasa. The Simpsons ṣe é ní 2022 fún ìpín ẹlẹ́rù ọdọọdún wọn. Lisa, àbúrò Bart, rí ìwé kan tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀ á kú, ìyẹn Death Note, ánímè 2006. DR Movie, ilé iṣẹ́ kátúùnù ti Gúúsù Kòríà, ni wọ́n ní kó yà á, DR Movie yìí kan náà ló sì bá wọn ya Death Note nígbà yẹn. Bí aṣọ bá ya lára ẹ̀wù òkè, ẹni tó hun ún ló mọ bó ṣe máa so òwú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo wo The Simpsons kan tí wọ́n lọ sí Tokyo. Wọ́n ń wo kátúùnù, gìrì bá gbé gbogbo wọn ṣubú lulẹ̀. Ìyàwó mi ní ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Mo ní irọ́ ni. – Bàbá Ìbejì, Ìkẹ́jà

Ìyàwó yín ló jàre. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, 1997, ìpín kan nínú kátúùnù Pokémon jáde ní Jàpáánù. Pikachu, ẹranko oníná inú rẹ̀, ṣọṣẹ́, ojú tẹlifíṣọ̀n wá ń ṣẹ́ pupa àti búlúù, bí ẹ̀ẹ̀mejìlá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ tó lé ní 600 ni wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n dá Pokémon dúró fún oṣù mẹ́rin, ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé ìlànà kalẹ̀ lórí iná tó ń ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. The Simpsons fi ṣẹ̀fẹ̀ ní 1999. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ yẹn, torí ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n gbé lọ.

Ẹ fún àwọn ìbejì ní ìkìlọ̀ kan ṣá: kí wọ́n má wo tẹlifíṣọ̀n nínú òkùnkùn, kí wọ́n má sì lẹ ojú mọ́ ọn. Bí gìrì bá ti gbé ọ̀kan rí, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan géèmù rárá.

Sà, nínú fíìmù Wreck-It Ralph, ọba kan tẹ páàdì láti fi ṣí ilẹ̀kùn. Bọ̀dá mi rí i, ó pàtẹ́wọ́. Kí ló fà á? – Ọmọ JSS1, Adó-Èkìtì

Òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A. Kóòdù tí ọba yẹn tẹ̀ nìyẹn, bọ̀dá rẹ sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí ni. Kazuhisa Hashimoto ló ṣe é. Ó ń bá ilé iṣẹ́ Konami gbé géèmù Gradius wá sórí ẹ̀rọ Nintendo, ẹ̀dà tó jáde ní 1986. Géèmù náà le fún òun alára, ó wá ki kóòdù yìí bọ̀ ọ́ kó lè ráyè dán an wò dé òpin. Inú géèmù Contra ló ti wá lókìkí, torí pé ó ń fúnni ní ẹ̀mí 30.

Nílé géèmù mi, orin ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹni tó di páàdì mú á dákẹ́, àwọn tó wà lẹ́yìn á gbè é fún un, òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, wọ́n á sì hó yèè nígbà tí ẹ̀mí 30 bá yọ. Èmi náà mọ orin yẹn dénú, mi ò sì mọ orúkọ ẹni tó ni ín títí di oṣù Kejì 2020, nígbà tí mo kà á pé Hashimoto ti kú.