Ẹni tó lè para pọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ ní gbàǹjo páténtì

Ẹ ní ilé-iṣẹ́ yín fẹ́ wọ gbàǹjo páténtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan láti dá ẹlòmíràn lẹ́kun lílo ohun náà, fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ fi owó gọbọi bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀rù lè ba àwọn yòókù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti jókòó lọ́dọ̀ àwọn tó ń rà, mi ò sì tíì rí owó àkọ́pè tó lé ẹni tó nílò ọjà náà gan-an padà.

Ẹ wo ti Nortel, ilé-iṣẹ́ ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ ti Kánádà tó wọko gbèsè, lọ́dún 2011. Páténtì bí 6,000 ni. Google fi 900 mílíọ̀nù dọ́là lélẹ̀ kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló sá? Apple, Microsoft, Sony, Ericsson, RIM (àwọn tó ń ṣe BlackBerry) àti EMC dawó jọ, wọ́n sì gbé e lọ ní 4.5 bílíọ̀nù. Nígbà tó kan Kodak, ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà, ńkọ́? Wọ́n ti fojú bù ú pé páténtì rẹ̀ lè pa owó tó ju bílíọ̀nù méjì lọ, àmọ́ Apple àti Google wà nínú ẹgbẹ́ kan náà lọ́tẹ̀ yìí, nǹkan bí 525 mílíọ̀nù ló sì bọ́ sí lópin 2012. Ẹni tó máa bá ẹni pawọ́ pọ̀ ló ń gbé owó sókè tàbí wá sílẹ̀. Torí náà, ẹ ka òfin gbàǹjo yẹn dáadáa: ṣé ó gbà kí àwọn tó ń díje para pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí ni ìwé. Nígbà kan, èmi àti lọ́yà wa ń yẹ àkọsílẹ̀ láísẹ́ǹsì (ìwé tó gba ẹlòmíràn láyè láti lo páténtì) ọjà kan wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, la bá rí i pé àwọn tí a fẹ́ fi páténtì náà dá lẹ́kun ti gba láísẹ́ǹsì tí kì í parí. Láísẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ máa ń bá páténtì dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ajá tí kò léyín ni wọ́n fẹ́ tà fún wa. Ojú ẹsẹ̀ la gé iye wa wálẹ̀. Ẹ tún wo ọdún tó kù, nítorí 20 ọdún láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ìwé sílẹ̀ ni òfin sábà máa ń fún un.

Kí ẹ tó wọlé, ẹ ṣírò ohun tí ẹ máa pàdánù bí abánidíje yín bá rà á. Iye yẹn ló sábà máa ń ju èrè tí ẹ̀yin fúnra yín máa rí níbẹ̀ lọ. Kí ìgbìmọ̀ olùdarí fọwọ́ sí iye tí ẹ ò ní kọjá, kí ó má ṣe jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi owó ìpìlẹ̀ sílẹ̀, bíi ti Google nígbà ti Nortel, ẹ rí i pé ó wà nínú àdéhùn pé wọ́n máa san owó gbà-má-bínú fún yín bí ẹlòmíràn bá gba ọjà náà mọ́ yín lọ́wọ́.