Èsì: síkúta oníná nínú bárékè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá síkúta oníná, ohun ìrìnnà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń fi bátìrì rìn, lè gba àwọn òṣìṣẹ́ yín lọ́wọ́ ìrìn ẹsẹ̀ láti géètì dé ọ́fíìsì nínú bárékè ní Ìkẹjà. Ó lè ṣe é. A lò ó níbi iṣẹ́ wa ní Àpápá. Táyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Kékeré ni, kòtò tí mọ́tò máa gorí rẹ̀ kọjá, òun á há síbẹ̀, ẹni tó gùn ún á fẹnu gbolẹ̀. Bí eyín akọ̀wé wa kan ṣe lọ nìyẹn. Ẹ ra èyí tí táyà rẹ̀ tóbi, tó ń gba afẹ́fẹ́. Kẹ́ ẹ má sì gùn ún wọ àgbàrá o!

Bátìrì lithium tó bá gbiná kì í tètè kú, torí náà ẹ jẹ́ kí ibi tẹ́ ẹ ó ti máa ṣáàjì rẹ̀ jìnnà gan-an sí ibi tí wọ́n ń kó ọta sí. Ẹni tó wà ní Ìkẹjà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, nígbà tí iná ran ibi tí wọ́n ń kó ọta sí ní bárékè ibẹ̀, tó sì bú gbàmù, mọ ìdí.