Wọn Omi Inú Purotéènì Rẹ Kí O Tó Wọn Gbígbọ̀n Rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ bàókẹ́mísírì ni mí, oyè ọ̀mọ̀wé ni mo ń kàwé fún. Mo ní purotéènì kan tí mo gbà pé ó máa ń le sí i bí oògùn bá ti so mọ́ ọn. X-ray ni mo fi ya kírísítà rẹ̀, pẹ̀lú oògùn àti láìsí oògùn, àwòrán méjèèjì sì jọra bí ìbejì. Ọ̀gá mi ní kí n fi níútírọ́ọ̀nù wọ̀n ọ́n. Mílígíráàmù 20 ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé ó tó? Kí sì ni níútírọ́ọ̀nù fẹ́ rí tí X-ray ò rí?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò tó. Mílígíráàmù 100 sí 200 là ń kó lọ fún ẹyọ kan, méjì sì ni tìrẹ: èyí tó ní oògùn àti èyí tí kò ní. Níútírọ́ọ̀nù kì í pọ̀ bíi X-ray, a sì ń mọ̀ọ́mọ̀ tẹ́ purotéènì náà fẹ́lẹ́ kó lè jẹ́ pé bí 10 bá kọjá, nǹkan bí ẹyọ 1 péré ni yóò ta, ìyẹn ni pé yóò kọlu átọ́ọ̀mù, yóò sì yà kúrò lọ́nà rẹ̀. Bó bá nípọn jù, ọ̀kan náà á ta lẹ́ẹ̀mejì, ìṣirò rẹ á sì dàrú.

Ibi tí átọ́ọ̀mù sábà máa ń wà ni àwòrán rẹ fi hàn. Bó ṣe ń gbọ̀n níbẹ̀, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Agbára X-ray tí a fi ń ya kírísítà tó nǹkan bí 12,000 eV (eV ni òṣùwọ̀n agbára; meV jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀). Gbígbọ̀n purotéènì tí à ń wá kò ju ìwọ̀nba meV lọ. Bí kọ́bọ̀ kan bá já bọ́ lápò olówó, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n níútírọ́ọ̀nù tó ti tutù dé ìwọ̀n ooru inú yàrá máa ń ní agbára tó jẹ́ nǹkan bí 25 meV, nítorí náà bó bá kọlu átọ́ọ̀mù tó ń gbọ̀n, èrè tàbí àdánù tó bá bá padà á hàn kedere.

Háídírójìn ló máa ń ta á jù, nǹkan bí ìdajì átọ́ọ̀mù inú purotéènì sì ni háídírójìn. Ṣùgbọ́n omi náà kún fún un. Ìdí nìyí tí a fi ń lo omi wúwo, D₂O, tí háídírójìn wúwo inú rẹ̀ kì í ta níútírọ́ọ̀nù tó bẹ́ẹ̀, kí omi lè dákẹ́ kí purotéènì sì sọ̀rọ̀. Wàá yọ́ purotéènì rẹ nínú D₂O, wàá mú un dì bí yìnyín kí o sì gbẹ ẹ́, wàá tún un ṣe, títí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú. Lẹ́yìn náà, gbé e sínú àpótí tí a dé pinpin pẹ̀lú D₂O, kó máa fa oru tó ń gòkè lára omi náà mu títí yóò fi gba gíráàmù 0.4 fún gíráàmù 1. Kì í ṣe gààrí tí a bu omi sí o; gààrí tí ìrì sẹ̀ sí ni.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, èmi náà sì ti ṣubú rí. Mo wọn ẹyọ kan fún ọjọ́ kan àtààbọ̀, purotéènì le bí òkúta, mo sì ti ń ronú àkọlé àpilẹ̀kọ. Nígbà tí mo gbé àgolo alumíníọ̀mù tí mo kó o sí padà sórí òṣùwọ̀n, ó ti fi mílígíráàmù 31 fúyẹ́. Wáyà indium, irin rírọ̀ kan, tí mo fi dí etí rẹ̀ kò jókòó dáadáa. Kò sí ohun tó mú un le. Gbígbẹ ló gbẹ.

Ìwọ̀n gan-an kò ṣòro. A ó mú un tutù dé bíi 20 K (kelvin; ó jẹ́ nǹkan bí −253°C), a ó máa mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ dé 300 K (nǹkan bí 27°C), a ó sì máa ka kìkì àwọn níútírọ́ọ̀nù tí agbára wọn kò yí padà. Bí wọ́n ṣe ń dín kù ni yóò sọ bí átọ́ọ̀mù ṣe ń rìn jìnnà tó láyè rẹ̀. Bí a bá ya ìrìn yìí sórí ìwé bó ṣe ń pọ̀ sí i pẹ̀lú ooru, ìlà náà máa ń tọ́ gbọnrangandan bíi ti sípíríǹgì. Tó bá kù díẹ̀ kó dé 200 K tàbí kó kọjá rẹ̀ díẹ̀, èyí tó mu omi á ta sókè, èyí tó gbẹ ò ní ta. Doster, Cusack àti Petry ló fi myoglobin, purotéènì inú iṣan, ṣàfihàn rẹ̀ ní 1989. Ní 2000, Zaccai fi bí ìlà náà ṣe dagun tó ṣírò líle purotéènì bíi ti sípíríǹgì: bó bá dagun jù, ó rọ̀ jù.

Kọ orúkọ ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà rẹ. IN13 ní Institut Laue-Langevin, ilé ìwádìí níútírọ́ọ̀nù ní Grenoble, ilẹ̀ Faransé, máa ń rí ìrìn tó tó nǹkan bí 100 píkósẹ́kọ́ǹdù. IN16B níbẹ̀ kan náà á dé nánósẹ́kọ́ǹdù, ìyẹn 1,000 píkósẹ́kọ́ǹdù. Ohun tó bá lọ́ra ju ẹ̀rọ lọ, lójú ẹ̀rọ, ó dúró ni. Má fi nọ́ńbà ẹ̀rọ kan wé ti èkejì.

Mo sì ní ìkìlọ̀ kan fún ìrètí rẹ. Ní 2004, Balog àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn gbígbọ̀n purotéènì kan tó ń jẹ́ dihydrofolate reductase kí oògùn methotrexate tó so mọ́ ọn àti lẹ́yìn tó so. Gbígbọ̀n tó lọ́ra pọ̀ sí i: ó rọ̀ sí i ni! Lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè, má gbé ìdáhùn dání.

Mílígíráàmù 20 rẹ tó fún SAXS, ìyẹn fífi X-ray wo bí purotéènì inú omi ṣe rí lápapọ̀. Ìyẹn á sọ bóyá purotéènì náà ká jọ tàbí ó ń já fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ gbígbọ̀n. Bí o ṣe ń pèsè púpọ̀ sí i, ra lysozyme inú funfun ẹyin adìyẹ, kò wọ́n, fi kọ́ bí a ṣe ń dí àgolo. Gbé e sínú ẹ̀rọ tútù lóru kan, wọ̀n ọ́n kó tó wọlé àti nígbà tó bá jáde, kí o sì fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi kí o tó kọ̀wé béèrè àkókò ní Grenoble.