Físíò ìyá mi ní òun ò lè tọ́jú wọn lórí fídíò ní Florida: ṣé òfin ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi ní ìpínlẹ̀ Maryland níbí ní Amẹ́ríkà, Medicare, ètò adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àgbàlagbà, ló sì ń sanwó ìtọ́jú wọn. Orí fídíò ni físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá kọ́ wọn láti tún máa lo ara wọn, ti ń rí wọn, ara wọn sì ń yá. Ní October 2025, ọ́fíìsì rẹ̀ ṣàdédé dá fídíò dúró; nígbà tó yá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, ìyá mi fẹ́ lọ lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Florida, físíò sì ní òun ò lè tọ́jú wọn níbẹ̀. Ṣé òfin ni, àbí wọ́n kàn ń dà wá láàmú?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Òfin ni. Òfin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni: ọ̀kan ń sọ ẹni tí Medicare lè sanwó fún bó bá tọ́jú èèyàn lórí fídíò, èkejì ń sọ ẹni tó láṣẹ láti tọ́jú aláìsàn tó wà ní ìpínlẹ̀ kan. Ẹni tí ọ̀kan gbà láyè, èkejì lè má gbà á.

Ọ̀rọ̀ owó ló fa ti October. Òfin Medicare to àwọn tó lè ṣe ìtọ́jú orí fídíò lẹ́sẹẹsẹ: dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì onípò gíga, agbẹ̀bí, onímọ̀ oúnjẹ, àwọn tó ń tọ́jú ìlera ọpọlọ, àti díẹ̀ sí i. Físíò kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún máa sọ̀rọ̀ tàbí wọṣọ fúnra rẹ̀ náà kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí kòrónà dé ní 2020 ni ìjọba gbà wọ́n láyè, fún ìgbà díẹ̀, àwọn aṣòfin àpapọ̀ sì ń sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú látìgbà náà. Ọjọ́ 30 September 2025 ni àyè náà pé, kò sì sẹ́ni tó sún un, ni ìjọba bá ti iṣẹ́ pa lọ́jọ́ kejì. Físíò tó bá ṣiṣẹ́ lórí fídíò nígbà yẹn kò mọ̀ bóyá òun á gbowó. Ọjọ́ 12 November ni wọ́n dá a padà, wọ́n sì ní kó kà láti ọjọ́ kìíní October.

Èmi tí mò ń kọ ìwé owó ìtọ́jú ránṣẹ́ sí Medicare, ó dùn mí pé físíò ṣì ń wọlé-jáde báyìí. Láti January 2024 ni àwọn agbaninímọ̀ràn lórí ìlera ọpọlọ àti ìdílé ti wọ inú òfin náà pátápátá. Àbádòfin kan wà, Expanded Telehealth Access Act, tó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún físíò. Ẹ kọ̀wé sí aṣojú yín nípa rẹ̀.

Ti Florida ni òfin kejì. Ibi tí aláìsàn wà ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tí físíò jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń béèrè kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀ pé, "Mama, níbo lẹ wà báyìí?" Àwọn ọmọ mìíràn á máa ṣẹ́jú sí ìyá wọn pé kí wọ́n ní ilé làwọn wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ó lè ba ìwé àṣẹ físíò jẹ́. Bí ìyá bá sì ṣubú lójú fídíò, Maryland ni wọn yóò rán ọkọ̀ pàjáwìrì lọ.

Ọ̀nà wà ṣá. Láti 2019 ni Florida ti ní òfin pé ẹni tó ní ìwé àṣẹ tó mọ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn láti máa tọ́jú èèyàn lórí fídíò nìkan. Ẹ bi físíò yín bóyá ó lè ṣe é. Bó bá gbà, ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé Medicare á san, àti ẹni tó máa san án bí wọ́n bá kọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ Medicare Advantage, ìyẹn Medicare tí iléeṣẹ́ aládàáni ń bójú tó, ni ìyá ní, iléeṣẹ́ adójútòfò wọn ni kí ẹ bi, torí ìlànà tiwọn lè yàtọ̀.

Àmọ́ bí ìyá kò bá tíì lè dá dìde lórí àga láìsí ẹni tó dì wọ́n mú, èmi ò ní dúró de ìforúkọsílẹ̀ kankan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín wá físíò tó lè fọwọ́ kàn wọ́n ní Florida, kí ẹ sì gba àkọsílẹ̀ ìtọ́jú wọn lọ́wọ́ ti Maryland kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.