X-ray ní eegun kò kán, kí ló dé tí ajá mi ṣì ń tiro?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọbá-Ilé lẹ́bàá Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Mo ní akọ ajá kan, àdàlù Alsatian, ọmọ ọdún mẹ́rin, kílò 34. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó sáré lé ewúrẹ́, ó han lẹ́ẹ̀kan, àtìgbà náà ló ti ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn sókè. A gbé e lọ ya X-ray, wọ́n ní eegun kankan kò kán, pé kò sí nǹkan tó ṣe é, ọ̀lẹ ló ń ṣe. Bọ̀dá kan ládùúgbò tó máa ń tọ́jú ajá ń gún un ní díkílófínákì, ó sì ní ká pe teegunteegun kó máa fi òrí àti omi gbígbóná wọ́ ọ. Ṣé ká tún X-ray yà ni, àbí ká jẹ́ kí wọ́n máa wọ́ ọ? Báwo la ṣe máa mú un rìn?

Ìdáhùn: Ẹ dá díkílófínákì yẹn dúró lónìí. Oògùn apàrora tí èèyàn ń lò, díkílófínákì, ibuprófẹ̀ẹ̀nì àti irú wọn, máa ń dá egbò sí ikùn ajá, ó sì máa ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Bí ajá yín bá ń bì, tó kọ oúnjẹ, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú tó ń fà bí ọ̀dà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mọ́, dókítà ẹranko lẹ máa gbé e lọ bá lójú ẹsẹ̀. (Ẹni tó ní ológbò nílé, ẹ gbọ́ o: ẹyọ parasitamó kan ṣoṣo lè pa ológbò.) Oògùn apàrora tí wọ́n ṣe fún ajá wà. Mi ò ní kọ iye tí ẹ máa lò síbí, torí mi ò rí ajá yín, ó sì yẹ kó ṣẹ́ ọjọ́ mélòó kan kí díkílófínákì kúrò lára rẹ̀ kí òmíràn tó wọlé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ ká gbé e jùnù. Ajá tó gbé ẹsẹ̀ sókè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń dùn ún ni. Ajá kì í fi bẹ́ẹ̀ ké fún ìrora tó ti pẹ́ lára. Kò ní tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, ẹkún tó ń sun nìyẹn.

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé yìí gan-an ni gbólóhùn tí wọ́n sọ fún yín: “X-ray kò rí nǹkan, torí náà kò sí nǹkan.” Gbólóhùn yìí ti sọ ọ̀pọ̀ ajá di arọ. X-ray kì í wá àìsàn kiri inú ara. Ìtànṣán ló ń ta gba inú ara kọjá. Eegun le, ó kún fún kálísíọ̀mù, ó ń dí ìtànṣán lọ́nà, ìdí nìyẹn tó fi ń funfun nínú fọ́tò. Ibi tí afẹ́fẹ́ wà á dúdú. Ẹran ara, iṣan, ẹ̀jẹ̀, omi inú oríkèé, gbogbo wọn á rí bákan náà, bí eérú, ẹ ò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Látìbẹ̀rẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Röntgen ará Jámánì ṣàwárí ìtànṣán yìí ní 1895, ó ya ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Eegun ìka àti òrùka ìgbéyàwó ló hàn kedere; ẹran ọwọ́ kàn rí bí òjìji ni.

Ẹ wá gbé èyí lé orúnkún ajá yín. Nínú orúnkún, iṣan líle méjì ló so eegun itan mọ́ eegun ojúgun, wọ́n kọjá lórí ara wọn bí àgbélébùú. Ti iwájú ló sábà máa ń já, pàápàá lára ajá ńlá tó ń sáré tó wá yí padà lójijì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé iṣan náà ti ń gbó díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí ajá lé ewúrẹ́ wulẹ̀ ni ọjọ́ tí iṣan náà já tán. Nínú fọ́tò X-ray, iṣan tó já àti iṣan tó wà digbí, ọgbọọgba ni wọ́n, torí kò sí èyí tó hàn nínú àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹrẹkẹ́rẹ́ inú oríkèé, bẹ́ẹ̀ náà ni okùn ọpọlọ tó gba inú eegun ẹ̀yìn kọjá. Ajá tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tò gún régé nínú X-ray lè máa wọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, torí ohun tó ń fún okùn yẹn pa kì í ṣe eegun.

X-ray wúlò o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní kò wúlò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà máa ń rí àmì: bí omi bá kún inú orúnkún, ó máa ń ti ọ̀rá kékeré tó wà lẹ́yìn iṣan tó wà níta níwájú orúnkún síwájú, òjìji dúdú tó rí ṣóńṣó níbẹ̀ á sì pòórá. Àmì lásán nìyẹn. Ọwọ́ ló ń mọ iṣan tó já. Dókítà á fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ eegun itan mú ṣinṣin, á fi ìkejì di orí eegun ojúgun mú, á wá ti ojúgun síwájú bí ẹni fa dúróà tábìlì. Orúnkún tó dá kì í yọ̀ síwájú. Èyí tí iṣan rẹ̀ já á yọ̀ síwájú, á tún padà. Bí ajá bá ki ara le nítorí ìrora, tàbí tó jẹ́ pé iṣan náà kò já tán, ó lè má yọ̀ rárá, àfi tí wọ́n bá fún un ní abẹ́rẹ́ oorun. Ẹ bi wọ́n léèrè: ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ fọwọ́ kan orúnkún ajá yìí kí wọ́n tó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ?

Ẹ wo nǹkan mẹ́ta nílé. Bó bá jókòó, ṣé ó ń na ẹsẹ̀ ọ̀tún síta dípò kó ká a sábẹ́ ìdí? Bó bá dúró, ṣé orí ìka nìkan ló fi ń kan ilẹ̀? Ẹ fi ìka tẹ inú orúnkún méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́ tó kojú sí ara wọn. Ṣé ti ọ̀tún ki ju ti òsì lọ? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iṣan yẹn ni mo fura sí jù. Mo ní ìfura o. Oríkèé ìbàdí tó yẹ̀ lè jọ ọ́, ẹ̀gún àtẹ́lẹsẹ̀ pàápàá lè jọ ọ́.

Ṣé kí ẹ tún X-ray yà? Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jẹ́ ẹyọ fọ́tò kan ni wọ́n yà, tí ajá dúró tàbí tó ń jà mọ́ wọn lọ́wọ́. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn tó ṣeé gbọ́kàn lé. Fọ́tò méjì ló kéré jù, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan láti iwájú sẹ́yìn, torí eegun tó sán lè fara pamọ́ pátápátá fún ọ̀kan kó sì hàn gbangba nínú ìkejì. Fọ́tò eegun gígùn gbọ́dọ̀ kó oríkèé òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ra. Kí wọ́n ya ẹsẹ̀ òsì pẹ̀lú láti fi wé e, kí wọ́n sì kọ ọ̀tún àti òsì sára fọ́tò. Abẹ́rẹ́ oorun ṣe pàtàkì, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gba owó yín. Bí ẹnì kan bá máa di ajá mú, kó wọ aṣọ olójé. Aboyún àti ọmọdé kò gbọ́dọ̀ sí nínú yàrá náà. Eegun tó sán bí irun lè má hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rárá, ó lè di ọjọ́ 10 sí 14 kó tó hàn. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: eegun ajá tí kò tíì pé ọdún kan ní ilà dúdú nítòsí oríkèé, ibẹ̀ ni eegun ti ń dàgbà, àwọn tí kò mọ ajá a sì máa pè é ní eegun tó kán.

Ẹ lè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti FUNAAB ní Abẹ́òkúta. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n láti mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà, owó mọ́tò láti Àkúrẹ́ kì í ṣe kékeré. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gún ajá yín lábẹ́rẹ́, ẹ bi í bóyá ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Dókítà kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

Teegunteegun ńkọ́? Rárá o. Orúnkún tí iṣan rẹ̀ já, eegun méjì ló ń yọ̀ lórí ara wọn níbẹ̀, kẹrẹkẹ́rẹ́ tó wà láàárín ni ẹni tó ń wọ́ ọ ń lọ̀. Bí wọ́n bá fi ọparun dì í, ẹ wo bí itan ajá ṣe rí: ó fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀. Ìdì náà á máa yọ̀ wá sílẹ̀ títí á fi dúró lábẹ́ orúnkún, á di ẹrù tó ń fi dirodiro lára ibi tó ń dùn ún. Bí wọ́n bá dì í le kó má baà yọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ìka mọ́, ẹsẹ̀ á wú, á tutù, á bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

Bó bá jẹ́ iṣan ló já lóòótọ́, ajá tí kò tó kílò 15 lè rí ara gbà pẹ̀lú ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ní kílò 34, iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń gbà. Wọ́n lè fi okùn ọ̀rá líle so orúnkún láti ìta, tàbí kí wọ́n gé orí eegun ojúgun, kí wọ́n yí i, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dè é. Láìṣe é, làkúrègbé á tètè wọ oríkèé náà, ẹsẹ̀ kejì tó ń gbé gbogbo ẹrù náà sì wà nínú ewu.

Títí tí ẹ ó fi rí dókítà, ohun tí ẹ lè ṣe nílé nìyí. Ẹ fi í sí àyè kékeré tó lè dúró kó sì yí padà níbẹ̀, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí ẹní lé táìsì. Táìsì ni ọ̀tá rẹ̀ báyìí, ìyọ̀tẹ̀rẹ́ kan péré lè ya ohun tó kù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ẹ mú un jáde lórí okùn kúkúrú fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tọ̀ kó ṣu, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì gbà á lábẹ́ ikùn. Bí ẹ bá ní láti tẹ ìhà rẹ̀ kí ẹ tó mọ eegun ibẹ̀, ó ti sanra jù, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú ẹ̀bà rẹ̀. Omi dídì inú ọ̀rá tí ẹ wé sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dára fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìpalára tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́ẹ̀kan. Ní tiyín tó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aṣọ olómi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló kàn. Ẹ kọ́kọ́ fi kan ọrùn ọwọ́ yín.

Títẹ ẹsẹ̀ àti nínà á, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ títí dókítà á fi sọ pé kò sí eegun tó sán. Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ fi í dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún wà lókè. Ọwọ́ kan lókè orúnkún, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ ká a díẹ̀díẹ̀ títí á fi bojú wẹ̀yìn wò yín. Ibẹ̀ ni ẹ dúró sí. Ẹ kà dé márùn-ún, ẹ nà án padà. Ìgbà 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ẹ má sì lọ́ ọ rárá. Rírìn lẹ́yìn ìyẹn, kó lọ́ra gan-an ni. Tí ẹ bá yára, á fi ẹsẹ̀ mẹ́ta fò. Tí ẹ bá ń rìn bí arúgbó, á di dandan kó tẹ ìkẹrin mọ́lẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ìtiro náà kò bá le sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má jù ú sí odò Àlà pé kó lúwẹ̀ẹ́. Ajá tí ẹ̀rù bá ń bà máa ń ta ẹsẹ̀ kíkankíkan nínú omi, a sì máa ń fẹ́ kó rọra lò ó.

Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn itan méjèèjì lójú kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn á wúlò fún dókítà ju “ó jọ pé ó ti ń sàn” lọ.

Àmọ́ bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, ẹ fún ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Kó fa ẹsẹ̀ náà kò tó. Ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó yíjú, bóyá ó ké. Bí kò bá mọ̀ pé ẹ fún un, tàbí tó pé wákàtí 12 tí kò tọ̀, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ ọjọ́ Àìkú.