Ère Èlíjà àti Opó Sáréfátì: Ṣé Ògbólógbòó Ni Lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Mo ra ère amọ̀ méjì ní ọjà gbàǹjo kan nílùú Manchester. Wòlíì Èlíjà pẹ̀lú ẹyẹ ìwò ni ọ̀kan, opó Sáréfátì àti ọmọ rẹ̀ ni èkejì. Ẹni tó tà wọ́n sọ pé Staffordshire, agbègbè àwọn amọ̀kòkò ní England, ni wọ́n ti ṣe wọ́n, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ewé kan ti kán lára igi tó wà lẹ́yìn wòlíì. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣé kí n sì tún ewé náà ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o. Ìtàn tó wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní, orí 17, ni ẹ rà. Àwọn amọ̀kòkò Staffordshire máa ń ṣe wòlíì àti opó yìí ní méjì-méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, fún àwọn ìdílé onígbàgbọ́ tó fẹ́ràn láti tò wọ́n sókè ibi ìdáná. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ gan-an ní agbègbè náà. Enoch Wood, amọ̀kòkò ará Burslem, ti mọ ère orí John Wesley, olùdásílẹ̀ ìjọ náà, ní 1781, nígbà tí Wesley ṣì wà láàyè.

Ẹ má wo ojú wòlíì lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ńṣe ni àwọn ará àtijọ́ máa ń fi ọwọ́ tẹ amọ̀ mọ́ inú ohun tí wọ́n gbẹ́ ní ìrísí ère náà, nítorí náà inú ère náà kì í dọ́gba, ó sì máa ń wúwo lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ayédèrú òde òní, omi amọ̀ tó ki bí ògì ni wọ́n dà sínú irú ohun gbígbẹ́ bẹ́ẹ̀: inú rẹ̀ á tẹ́júmọ́ ìrísí ìta, ara rẹ̀ á fúyẹ́, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde á sì tóbi. Bí ẹ bá rí “England” lábẹ́ rẹ̀, ẹ fura, torí òfin Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1891 ló sọ kíkọ orúkọ orílẹ̀-èdè sára ọjà tó ń wọ Amẹ́ríkà láti ilẹ̀ òkèèrè di dandan. Àìsí àmì kankan kò burú rárá, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ère ìgbà náà kò ní orúkọ ẹni tó ṣe wọ́n. Ẹ tún wo kọ̀rọ̀ aṣọ opó náà àti abẹ́ kólòbó òróró, bí irú rẹ̀ bá wà níbẹ̀: ibi tí dídán ara amọ̀ ti ṣàn jọ máa ń ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ nínú irú amọ̀ tí wọ́n sábà máa ń lò nígbà náà.

Ní ti ewé tó kán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wọ́pọ̀ kí ewé irú igi yìí kán, ẹni tó sì mọ iṣẹ́ á gba ère tí ewé rẹ̀ kán ju èyí tí wọ́n fi ọ̀dà bo àléébù rẹ̀ lọ. Iná aláwọ̀ elésè àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó bébà wò yóò sì tú àṣírí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kàn mí jù ni bóyá àwọn méjèèjì jọ wá láti ọwọ́ amọ̀kòkò kan. Ẹ fi ewé igi wòlíì wé ti opó, nítorí ìrísí ewé wà lára ohun tí a fi ń dá ọwọ́ amọ̀kòkò kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Bí wọn kò bá jọra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oníṣòwò kan ló pa wọ́n pọ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Potteries Museum ní Hanley kò jìnnà sí yín. Ẹ lọ wo irú wọn níbẹ̀ kí ẹ tó gbà pé wọ́n jẹ́ ìkejì ara wọn.