Èsì: Ṣé Constantine ló sọ ẹ̀sìn Kristi di ẹ̀sìn ìjọba?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ṣé Constantine, olú ọba Róòmù, ló sọ ẹ̀sìn Kristi di ẹ̀sìn ìjọba Róòmù ní 313, àti pé ṣé ní àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù nílùú Nicaea ni wọ́n ti yan àwọn ìwé inú Bíbélì. Rárá o, sí méjèèjì.

Ohun tí Constantine àti Licinius, tí wọ́n jọ ń ṣàkóso Róòmù, fẹnu kò lé lórí ní Milan ní 313 yẹn kò ju pé kí oníkálukú máa sin ohun tó bá wù ú. Àmọ́ apá kan wà níbẹ̀ táwọn èèyàn kì í sábà mẹ́nu bà: ilẹ̀ àti ilé ìjọsìn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Kristẹni gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ ìjọ, láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ti fowó ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ìjọba ni kó lọ béèrè ohun tí wọ́n máa fi tù ú nínú. Bẹ́ẹ̀ ọdún 10 péré ṣáájú, ní 303, ni Diocletian, olú ọba ìgbà náà, ní kí wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Nicomedia palẹ̀, kí wọ́n sì dáná sun Ìwé Mímọ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí gan-an ni nǹkan ti yí padà.

Ní ti Nicaea, 325, ọ̀rọ̀ Arius ló kó àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ, àlùfáà tó ní Ọmọ kò bá Baba dọ́gba. Wọ́n tún jíròrò ọjọ́ Àjíǹde. Kò sẹ́ni tó dìbò yan ìwé Bíbélì kankan níbẹ̀.

Theodosius, olú ọba tó jẹ lẹ́yìn náà, lẹ ń wá. Òun ló pàṣẹ ní Tẹsalóníkà ní 380 pé kí gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ ìjọba di ìgbàgbọ́ tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní Nicaea mú. Constantine ti kú láti 337. Àìsàn tó pa á ló wà lórí rẹ̀ kó tó ṣèrìbọmi.